Ìdájọ́ ẹni tó ti ní felony tẹ́lẹ̀ ní New York: ohun tí ìdílé lè ṣe kí ọjọ́ ìdájọ́ tó pé

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ìyá, ìyàwó àti ẹ̀gbọ́n nìyí: "Wọ́n ní ó ti ní felony tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ̀wọ̀n ti di dandan nìyẹn?"

Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń tọ́jú gbogbo agbára wọn de ọjọ́ ìdájọ́. Wọ́n á gbààwẹ̀, wọ́n á kó ara wọn jọ lọ sí kóòtù, wọ́n á fẹ́ bẹ adájọ́. Ẹ̀bẹ̀ dára, àmọ́ òfin New York ti di adájọ́ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹjọ́ àtijọ́ bá ti wọlé, ìyẹn ni pé kóòtù ti kà á mọ́ ọn, adájọ́ tó láàánú jù lọ pàápàá kò lè lọ sísàlẹ̀ iye ọdún tí òfin kọ sílẹ̀. Kí ẹjọ́ àtijọ́ náà tó wọlé gan-an ni iṣẹ́ wà. Inú ìwé, inú déètì, àti ẹnu lọ́yà ni iṣẹ́ náà wà.

Kóòtù ìpínlẹ̀ New York ni mo ń sọ o. Kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní òfin tirẹ̀, ìpínlẹ̀ yòókù náà ní tiwọn. Ẹ má sì fi àlàyé yìí dípò lọ́yà. Ẹ fi ṣe ìbéèrè tí ẹ máa gbé lọ bá lọ́yà.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ pè é

Felony ni ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè ju ọdún 1 lọ. Wọ́n tò ó láti A, tó wúwo jù, dé E. Yàtọ̀ sí lẹ́tà yìí, ẹ béèrè bóyá ẹ̀sùn náà wà lára àwọn tí òfin ń pè ní violent felony, ìyẹn felony ìwà ipá. Kò dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ta sílẹ̀: ẹni tó wọ ilé onílé láti jalè, tí kò sì rí ẹnikẹ́ni nínú ilé, lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè èwo nínú orúkọ wọ̀nyí ni agbẹjọ́rò ìjọba fẹ́ fi pè é:

- Second felony offender. Ó ti jẹ̀bi felony kan tẹ́lẹ̀. Bí tuntun kò bá jẹ mọ́ ìwà ipá tàbí oògùn olóró, ìdájọ́ máa ń ní nọ́ńbà méjì: ìgbà tó lè dé iwájú ìgbìmọ̀ parole (àwọn tó ń pinnu bóyá kí ẹlẹ́wọ̀n jáde kí ìdájọ́ rẹ̀ tó parí), àti ìgbà tí ìdájọ́ náà parí pátápátá. Fún E, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1½ sí 3, ó lè dé 2 sí 4. Fún D, láti 2 sí 4 títí dé 3½ sí 7. Fún C, láti 3 sí 6 títí dé 7½ sí 15. Fún B, láti 4½ sí 9 títí dé 12½ sí 25.
- Second felony offender, tí tuntun jẹ́ ti ìwà ipá, tí ti àtijọ́ kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ á mú iye ọdún kan pàtó: 3 sí 7 fún D, 5 sí 15 fún C, 8 sí 25 fún B.
- Second violent felony offender. Méjèèjì jẹ́ ti ìwà ipá: 5 sí 7 fún D, 7 sí 15 fún C, 10 sí 25 fún B.
- Persistent violent felony offender. Ìwà ipá ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí, òpin rẹ̀ sì ni ẹ̀wọ̀n gbére. Kó tó lè rí ìgbìmọ̀ parole, ó kéré tán ọdún 12 fún D, 16 fún C, 20 fún B.
- Persistent felony offender. Ó ti jẹ̀bi felony méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀, ó sì ti ṣẹ̀wọ̀n lórí wọn. Èyí nìkan ni kì í ṣe dandan: adájọ́ ló máa wo ìwà àti ìtàn ẹni náà bóyá kó fún un ní ọdún 15 sí 25 títí dé gbére. Ẹ ṣọ́ra fún un, nítorí òfin ọdún 10 tí mo máa ṣàlàyé nísàlẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀sùn oògùn olóró fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀. Bí felony àtijọ́ kò bá jẹ́ ti ìwà ipá: ọdún 1½ sí 2 fún E, 1½ sí 4 fún D, 1½ sí 8 fún C, 2 sí 12 fún B.

## Ìgbésẹ̀ 1: Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un, ẹ má fi ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣòfò

Criminal Court ni ẹjọ́ náà á ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá tì í mọ́lé, wákàtí 120 ni òfin fún agbẹjọ́rò ìjọba, tàbí 144 bí òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ọjọ́ ìsinmi bá bọ́ sí àárín rẹ̀, láti gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú grand jury (ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń pinnu bóyá ẹ̀rí tó láti fi ẹ̀sùn felony kan èèyàn) tàbí kí adájọ́ gbọ́ ẹ̀rí. Bí àsìkò yẹn bá kọjá láìsí ìkankan nínú méjèèjì, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lọ sílé de ẹjọ́.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé lẹ́yìn tí grand jury bá ti fọwọ́ sí ẹ̀sùn felony, ẹni tó ti ní felony tẹ́lẹ̀ kò lè gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ kékeré (misdemeanor) mọ́. Ó kéré tán, felony ni. Ṣáájú ìgbà náà, ilẹ̀kùn misdemeanor ṣì wà ní ṣíṣí bí agbẹjọ́rò ìjọba bá gbà. Ẹ bi lọ́yà lọ́jọ́ kìíní: "Ṣé wọ́n ti gbé e lọ síwájú grand jury? Ṣé ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀ misdemeanor?"

Bí wọ́n bá wá sọ pé ẹjọ́ ti lọ sí Supreme Court, kí àyà yín má já. Ní New York, orúkọ kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ felony láàárín ìlú nìyẹn, kì í ṣe kóòtù tó ga jù.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá ìwé ẹjọ́ àtijọ́ fúnra yín

Ẹ má gbára lé ohun tí ó rántí. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́jọ́ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn lè ṣi felony àti misdemeanor mú fún ara wọn, ó sì lè pe ọjọ́ tó gbà pé òun jẹ̀bi ní ọjọ́ ìdájọ́. Ẹ lọ bá akọ̀wé kóòtù tó dá ẹjọ́ náà, ẹ béèrè certificate of disposition, ìwé tó ń fi hàn bí ẹjọ́ náà ṣe parí. Kí lọ́yà náà béèrè fún àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní kóòtù lọ́jọ́ tó gbà pé òun jẹ̀bi àti lọ́jọ́ ìdájọ́.

Bí ìwé bá dé ọwọ́ yín, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan:

- Ṣé òun ni lóòótọ́? Àwa Yorùbá, orúkọ wa pọ̀, oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn akọ̀wé sì máa ń gbà kọ ọ́. Nọ́ńbà NYSID, tó so mọ́ ìka ọwọ́, ni kí ẹ fi wé, kì í ṣe orúkọ.
- Ṣé felony ló parí sí? Wọ́n lè fi ẹ̀sùn felony mú èèyàn kí ẹjọ́ náà sì parí sí misdemeanor. Ohun tó jẹ̀bi rẹ̀ ni òfin ń kà, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi mú un.
- Ọmọ ọdún mélòó ni nígbà náà? Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún 16, 17 tàbí 18 nígbà tó ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà, adájọ́ lè ti sọ ọ́ di youthful offender. Òfin kò ka ìyẹn sí ìdálẹ́bi rárá, wọn kò sì lè lò ó lòdì sí i báyìí.
- Ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀? Ẹ fa ìlà sábẹ́ déètì yìí.

Mo ti jókòó ti ìdílé kan tí ọmọ wọn fẹ́ gba ọdún mélòó kan lórí ẹjọ́ tí wọ́n ti sọ di youthful offender látijọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ ló rí ìwé náà nínú àpò tí ó ti ń kó ìwé ilé ìwé rẹ̀ sí.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ka ọdún 10

Òfin ní ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ọdún 10 lọ sí ọjọ́ tí wọ́n ní ó ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ tuntun. Ọjọ́ tí wọ́n mú un kò wọ ìṣirò yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé kóòtù.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú ni pé òfin máa ń yọ àkókò tó fi wà ní àtìmọ́lé kúrò nínú ìṣirò. Bí ó bá ti ṣe ọdún 3 ní ẹ̀wọ̀n láàárín méjèèjì, ọdún 10 di ọdún 13. Àkókò tó lò ní Rikers (ọgbà àtìmọ́lé ìlú New York) lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́, kí wọ́n tó dá ẹjọ́ rẹ̀, náà lè wọ ìṣirò yìí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ ní 12 oṣù Kẹta 2011. Ẹ̀ṣẹ̀ tuntun ṣẹlẹ̀ ní 5 oṣù Kẹfà 2022. Àárín wọn jẹ́ ọdún 11, oṣù 2 àti ọjọ́ 24. Bí ó bá ṣẹ̀wọ̀n ọdún 1 àti oṣù 6 láàárín ìgbà náà, tí a bá yọ ọ́, ọdún 9, oṣù 8 àti ọjọ́ 24 ló kù: ẹjọ́ àtijọ́ wọlé. Bí ó bá jẹ́ ọdún 1 péré ló ṣe, ọdún 10, oṣù 2 àti ọjọ́ 24 ló kù: kò wọlé. Oṣù 6 péré ló yà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ wá déètì tó wọ ẹ̀wọ̀n àti èyí tó jáde, kí ẹ má fojú dá a.

Ẹ tún wo bí ẹjọ́ méjèèjì ṣe tẹ̀ léra. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti dá ẹjọ́ àkọ́kọ́ kó tó ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kejì. Bí ó bá ti ṣẹ̀ nígbà méjèèjì kí adájọ́ tó dá ẹjọ́ kankan nínú wọn, èkíní kò lè sọ ọ́ di second felony offender lórí èkejì.

Ìdájọ́ tí kò ní ẹ̀wọ̀n náà ń jẹ́ ìdájọ́. Ẹni tí wọ́n fún ní probation (kí òṣìṣẹ́ máa ṣọ́ ọ nílé dípò ẹ̀wọ̀n) lórí felony ti ní felony. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nítorí pé wọn kò sùn sẹ́wọ̀n, kò sí nǹkan lórí wọn. Ó wà.

## Ìgbésẹ̀ 4: Bí ẹjọ́ àtijọ́ bá ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá

Ibí yìí ni lọ́yà tó mọṣẹ́ ti ń jẹ owó rẹ̀. Kò tó pé ìpínlẹ̀ yẹn pè é ní felony. Ẹ̀ṣẹ̀ náà, bí òfin ibẹ̀ ṣe kọ ọ́, gbọ́dọ̀ jẹ́ felony bí ó bá jẹ́ New York ló ti ṣẹ̀.

Ẹ wo New Jersey tó wà létí odò. Wọn kì í lo orúkọ felony níbẹ̀, ìpele ni wọ́n ń lò. Olè jíjà tó ju $500 lọ lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ìpele kẹta, tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọdún 3 sí 5. Ní New York, bí ó bá jẹ́ pé iye owó nìkan ni wọ́n ń wò, olè jíjà kò di felony àfi tó bá ju $1,000 lọ. Ẹni tó jí nǹkan $700 ní Newark lè ní ohun tó dà bí felony lórí ìwé, kó má sì jẹ́ felony lójú kóòtù Brooklyn.

Ẹ bi lọ́yà báyìí: "Ṣé ẹ ti fi òfin ìpínlẹ̀ yẹn wé ti New York, gbólóhùn sí gbólóhùn?" Bí ó bá ní kò sí ìdí fún un, ẹ béèrè ìdí tí kò fi sí.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ọjọ́ tí wọ́n bá ka ìwé náà sí i létí

Kí adájọ́ tó dá ẹjọ́, agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́dọ̀ fi ìwé kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní predicate felony statement. Ó máa sọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti dá a lẹ́bi tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi àkókò ẹ̀wọ̀n fa ọdún 10 gùn, ó gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, àti orúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́n á fún un ní ẹ̀dà, adájọ́ á sì béèrè bóyá ó fẹ́ jiyàn ohunkóhun nínú rẹ̀.

Gbogbo èyí lè má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ á ní "rárá", wọ́n á sì lọ sí ohun tó kàn. Ohun tí kò bá jiyàn rẹ̀, òfin kà á sí pé ó ti gbà. Bí kóòtù bá sì ti pinnu pé second felony offender ni, wọ́n lè lo ìpinnu yẹn lòdì sí i nínú ẹjọ́ ọjọ́ iwájú.

Nítorí náà:

1. Kí lọ́yà gba ìwé náà ṣáájú ọjọ́ yẹn bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ fi wé èyí tí ẹ ti kó jọ.
2. Bí ó bá jẹ́ pé níbẹ̀ ni wọ́n ti fi lé e lọ́wọ́, kí ó sọ pé: "Mo fẹ́ bá lọ́yà mi sọ̀rọ̀ kí n tó dáhùn." Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.
3. Bí déètì, orúkọ tàbí ẹ̀ṣẹ̀ kò bá bára mu, kí lọ́yà jiyàn rẹ̀ kó sì béèrè fún ìgbẹ́jọ́. Adájọ́ nìkan ló máa gbọ́ ọ, láìsí jury (àwọn aráàlú tó ń pinnu ẹjọ́), ṣùgbọ́n ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn dé ibi tí kò ní sí iyèméjì tó nídìí.
4. Bí wọ́n bá gba ẹ̀tọ́ tí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún un mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ẹjọ́ àtijọ́, fún àpẹẹrẹ tí kò ní lọ́yà, kóòtù kò gbọ́dọ̀ kà á. Ìsinsìnyí ni kí ó sọ ọ́. Bí ó bá dákẹ́ láìsí ìdí tó dára, ó ti sọ ẹ̀tọ́ yẹn nù.
5. Ẹ bi lọ́yà nípa Erlinger, ìdájọ́ tí Supreme Court ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní oṣù Kẹfà 2024. Ọ̀rọ̀ òfin ìjọba àpapọ̀ ni, pé jury ló yẹ kó pinnu bóyá àwọn ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ wáyé ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn lọ́yà New York ti ń fi jiyàn pé ìṣirò àkókò ẹ̀wọ̀n náà kì í ṣe iṣẹ́ adájọ́ nìkan. Kí lọ́yà yín sọ ọ́ kó wọ àkọsílẹ̀.

Bí èdè òyìnbó kò bá já gaara lẹ́nu rẹ̀, kí ó béèrè ògbufọ̀ kóòtù. Kí àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ má ṣe é fún un. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti àwọn èèyàn wa láti sọ pé èdè ò yé wọn tó. Ọ̀rọ̀ ọdún púpọ̀ ni. Kí ojú má ti ẹnikẹ́ni.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ìròyìn probation àti lẹ́tà ìdílé

Kí wọ́n tó dá ẹjọ́ felony, òṣìṣẹ́ probation máa ń kọ ìròyìn nípa rẹ̀ fún adájọ́. Ìròyìn yẹn á tẹ̀ lé e wọ ẹ̀wọ̀n, á sì tẹ̀ lé e dé iwájú ìgbìmọ̀ parole. Kí ó bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kó tó lọ jókòó. Bí ó bá ti gbà pé òun jẹ̀bi, tó wá sọ fún òṣìṣẹ́ náà pé òun kò ṣe é, àdéhùn tí wọ́n ti ṣe lè wó.

Lọ́yà náà lè kọ ìwé tirẹ̀ sí adájọ́. Lẹ́tà yín máa ń bá a lọ. Ní ti lẹ́tà:

- Ọwọ́ lọ́yà ni kí ẹ fi sí, ẹ má fi ránṣẹ́ sí adájọ́ tààrà.
- Ẹ sọ ohun tí ẹ fojú rí: iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹni tó ń tọ́jú, ibi tó máa gbé bó bá jáde. "Ọmọlúàbí ni" nìkan kò tó.
- Ẹ má bú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ẹ má sì sọ pé kóòtù ṣì í dá lẹ́bi.
- Pásítọ̀ tàbí ìmáàmù lè kọ, bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ọjọ́ ìdájọ́

Ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ náà lè sọ̀rọ̀. Ìdílé kì í sọ̀rọ̀ bí adájọ́ kò bá fún wọn láyè, nítorí náà ẹ má dìde, ẹ má kúnlẹ̀. Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: iye ọdún, iye ọdún post-release supervision (ìgbà tí wọ́n á fi máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn tó bá jáde) tó tẹ̀ lé e, àti orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀. Lórí ẹjọ́ tó ní iye ọdún kan pàtó, adájọ́ gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ kéde post-release supervision. Owó kóòtù lórí felony jẹ́ $300, pẹ̀lú $25 fún ìrànlọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, àti $50 fún DNA.

## Àwọn ọ̀nà mìíràn tó yẹ kí ẹ béèrè

Judicial diversion. Bí ẹ̀sùn bá jẹ́ ti oògùn olóró, láti B dé E, tàbí àwọn kan lára ẹ̀sùn olè jíjà, adájọ́ lè rán an lọ gba ìtọ́jú dípò ẹ̀wọ̀n, bí ó tilẹ̀ ti ní felony. Ẹni tó jẹ̀bi violent felony láàárín ọdún 10 tó kọjá kò lè wọlé, àfi bí agbẹjọ́rò ìjọba bá gbà.

Shock. Ètò oṣù 6 nínú ẹ̀wọ̀n tó lè mú un tètè jáde. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ìwà ipá kò lè wọ̀ ọ́.

Kí ẹ̀sùn tuntun sọ̀ kalẹ̀. Láti D sí E, tàbí láti ìwà ipá sí èyí tí kì í ṣe ìwà ipá. Níbi tí ẹjọ́ àtijọ́ ti dúró gbọin, èyí ló máa ń gba ọdún púpọ̀ jù lọ padà.

Kí ẹ padà sí ẹjọ́ àtijọ́. Lọ́yà lè gbé ìwé 440.10 lọ sí kóòtù tó dá ẹjọ́ náà ní New York láti pa á rẹ́. Ó máa ń pẹ́, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

## Bí kì í bá ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ẹ má jẹ́ kó gba ohunkóhun kí lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú tó wò ó. Green card kì í dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìdápadà sílé. Láti 2010, nínú ẹjọ́ Padilla, ni Supreme Court ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ pé lọ́yà gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà rẹ̀ bí gbígbà pé òun jẹ̀bi bá lè lé e kúrò nílùú. Ẹ̀wọ̀n oṣù díẹ̀ tí ìdílé ń dúpẹ́ sí lè jẹ́ èyí tó máa dá a padà. Ẹ béèrè ìbéèrè yìí kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

## Àṣìṣe tí mo ń rí léraléra

Sísọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ lórí fóònù Rikers ló burú jù. Wọ́n ń gbà á sílẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba sì lè béèrè fún un. Yorùbá tí ẹ ń sọ kò bo àṣírí; wọ́n máa ń wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀. Ẹ bi í léèrè oúnjẹ, ẹ gbàdúrà fún un, ẹ fi ẹjọ́ sílẹ̀ fún lọ́yà.

Èkejì ni gbígba àdéhùn nítorí pé wọ́n ní "òní nìkan ló wà". Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ ṣì béèrè pé kí lọ́yà kọ́kọ́ sọ fún yín bóyá ó ti rí ìwé ẹjọ́ àtijọ́ fúnra rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 8: Lẹ́yìn ìdájọ́

Ọjọ́ 30 ni òfin fún un láti fi ìwé notice of appeal sílẹ̀, ìwé tó ń sọ pé ó máa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Kí lọ́yà fi í sílẹ̀ kó tó kúrò ní kóòtù lọ́jọ́ yẹn, kódà bí wọ́n bá ní ó ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yẹn. Bí ẹ bá rí i lẹ́yìn ìgbà náà pé iye ọdún tí wọ́n fún un kò bá òfin mu, ìwé 440.20 ni ọ̀nà.

Ẹ rí i pé wọ́n ka gbogbo ọjọ́ tó ti lò ní àtìmọ́lé lórí ẹjọ́ yìí mọ́ ọn. Lórí ìdájọ́ tó ní iye ọdún kan pàtó, bí ó bá hùwà dáadáa, ó lè jáde lẹ́yìn ìdá mẹ́fà nínú méje. Ọdún 7 di ọdún 6. Ẹ kọ déètì yẹn sílẹ̀, kí ẹ sì fi wé èyí tí ọgbà ẹ̀wọ̀n bá fún un. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ pe lọ́yà lọ́jọ́ náà.